Oṣù Tí Mo Fi Dùbúlẹ̀ De Ọmọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Dókítà ti fi mí sẹ́wọ̀n. Mi ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, mi ò gbọdọ̀ gbé korobá omi, mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú bàtà nílẹ̀. Mo ní, "Iṣẹ́ ńkọ́, sà? Tí mo bá kàn dúró létí omi, tí mo ń fẹnu lásán kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́?" Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ìkókó, ibi ọmọ yín ló lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ọmọ máa gbà jáde. Tí ẹ̀yin ò bá jókòó jẹ́ẹ́, òun náà ò ní jókòó jẹ́ẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa pè mí ní ìyá ìkókó nìyẹn. Mi ò gbádùn rẹ̀ bí mo ṣe rò.

Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lára mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, níwájú àwọn ọmọ iléèwé, mi ò fẹ́ kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, nǹkan ti gé yín lẹ́sẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwòdì, ọkọ mi, ló gbé mi gun òkè wá sínú ilé. Ó sinmi lágbede méjì, ó fara ti ògiri. Mo ní kó jẹ́ kí n rọra rìn, ó ní, "Èmi tí mò ń gbé irin tó wúwo ju mọ́tò lọ lójoojúmọ́, ìwọ ni mi ò ní lè gbé?" Mo ní kíréènì ló ń gbé irin, òun kàn ń jókòó sínú rẹ̀ ni. Ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Òjò. Mo sùn, mo jí, mo sùn. Ọmọ ń yí gbirigbiri bí ẹja inú garawa.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Àwòdì ti gbé bẹ́ẹ̀dì sídìí fèrèsé. Láti ibí, mò ń rí òrùlé lórí òrùlé, páànù tuntun àti páànù tó ti dógùn-ún, àti lẹ́yìn gbogbo wọn, kíréènì náà. Inú ilé gíláàsì kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni ọkọ mi ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń gbé nǹkan fún àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro. Mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ga. Mi ò mọ̀ pé ó dá wà tó báyìí.

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó mú fóònù gòkè. A wá ṣe àdéhùn. Tí ara mi bá dá, kí n fi táwẹ̀lì funfun kọ́ ojú fèrèsé. Tí nǹkan bá ṣe, kí n fi pupa kọ́ ọ. Mo ní ṣé á lè rí i. Ó ní, "Ṣé orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni?"

Ní ọ̀sán, mo ń wo bí apá kíréènì ṣe ń yí. Kì í kánjú. Ó ń lọ bí ọwọ́ ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Mo ń wò ó títí ojú mi fi wúwo, tí mi ò mọ̀ mọ́ bóyá òun ló ń yí tàbí ilé wa. Ọmọ inú mi náà yí padà. Mo rò ó pé bóyá okùn kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀, tí bàbá bá yí sọ́tùn-ún, ọmọ á yí sọ́tùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Àwòdì ò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé etí lé ikùn mi pẹ́ títí. Mo ní kí ló gbọ́. Ó ní omi ń ṣàn nínú páìpù. Mo ní ebi ló ń pa mí nìyẹn.

A ò tíì sọ̀rọ̀ orúkọ. Àwa méjèèjì la mọ ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ ya ẹnu sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Màmá dé. Ìyá ọkọ mi gbé báàgì méjì àti ìrọ̀rí tirẹ̀ wá, nítorí kò fọkàn tán ìrọ̀rí ẹlòmíì. Ọsibítù ló ti ń fọṣọ kó tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun lẹ́bàá èékánná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é láyé ìsinsìnyí?"

"Dókítà ló ní kí n dùbúlẹ̀, Màmá."

"Látàárọ̀?"

"Látàárọ̀, mà."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹní pàápàá, wọ́n máa ń ká a láàárọ̀."

Àwòdì fi ìkòkò bo ojú nínú ilé ìdáná kí n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i.

Ọsàn ti gbówó lórí. Màmá ní owó àpò ọsàn kan láyé àtijọ́ ni wọ́n ń pè lórí abọ́ kan, ó sì rà á, ó bó o, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

Màmá ń lọ aṣọ. Gbogbo nǹkan ló ń lọ: bẹ́ẹ̀dṣíìtì, aṣọ ìnuwọ́, àkísà tí a fi ń nu tábìlì. Òórùn aṣọ gbígbóná gba inú ilé kan, mo sì ń sùn nínú rẹ̀ bí ẹni wọ inú ìkùukùu. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ní egungun.

Bàbá aláago, tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ ilé wa, fi aago kan ránṣẹ́ sí mi kí àárò má bàa sọ mí. Ó ń dún kà, kà, kà. Ní ọ̀sán mo bẹ Màmá pé kó dá a padà fún un, kó bá mi dúpẹ́ gidi. Màmá pẹ́ nísàlẹ̀. Nígbà tó gòkè padà, ó ní, "Bàbá yẹn ò gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni." Mo ní áà. Ó ní kí ni áà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Atẹ́gùn líle láàárọ̀. Àwòdì dé, kò kí mi dáadáa, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Irin kan fì lónìí," ó ní.

Irin gígùn ni. Ó ń gbé e kọjá lórí àwọn bíríkìlà. Ó gbójú wo fèrèsé wa, kò rí táwẹ̀lì kankan. Kò rí funfun, kò rí pupa. Ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń wá a ni irin yẹn fì, tó lọ gbá pákó tí ènìyàn méjì dúró lé. Pákó mì, wọ́n di òpó mú. Kò sẹ́ni tó farapa. Ṣùgbọ́n fọ́máànù gòkè wá bá a fúnra rẹ̀, ó ní, "Àwòdì, ojú ẹ ò sí níbi iṣẹ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ lo máa wà."

Atẹ́gùn ló ti gbé táwẹ̀lì náà lọ sórí òrùlé aládùúgbò. Èmi ń sùn.

Mo ní, "Kò sí táwẹ̀lì mọ́ láti òní lọ."

"Ta ló máa wá sọ fún mi?"

"Màmá ní fóònù. Fọ́máànù ní fóònù."

"Kí wọ́n tó rí fọ́máànù..."

"Àwọn ọkùnrin méjì yẹn náà ní ìyàwó nílé."

Kò jẹun. A fẹ̀yìn kọ ara wa sùn, bí ikùn mi ṣe tóbi tó yìí, fífẹ̀yìn kọ èèyàn ò tiẹ̀ rọrùn.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Fèrèsé ṣófo. Kíréènì ń yí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Àwòdì ra ọsàn wá. Ó ń bó o. Mo ní ṣé o ti dárí jì mí. Ó ní ẹjọ́ ọwọ́ òun ni òun ń rò, kì í ṣe tèmi. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti rí ẹ̀jẹ̀ yẹn, tí òun bá ti jókòó sókè, òun á máa rò pé ilẹ̀ ló ń sá lọ kúrò lábẹ́ òun. Mo gba ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ibi tí ọmọ ti ń ta. Ọmọ ta á nípàá. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Màmá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ń lọ ẹ̀wù ọmọ tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ níbi iṣẹ́ mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀wù yìí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí lẹ ń lọ nínú rẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti lọ irú rẹ̀ rí."

Mo yíjú sí i.

"Ṣáájú ọkọ ẹ ni. Obìnrin. Mò ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè níbi tá a ti ń sá a. Mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá wa, ó bi mí pé ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ lóyún láyé. Mo padà sídìí apẹ̀rẹ̀." Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìdọ̀tí. "Nínú ọsibítù o, ìyàwó. Àwọn dókítà ń kọjá lára mi lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó ní kí n dùbúlẹ̀."

Òjò ń kan páànù.

"Tí mo bá rí ẹ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, inú á máa bí mi. Má rò pé ìwọ ló ń bí mi nínú."

"Ẹ wá jókòó, Màmá."

"Iṣẹ́ wà nílẹ̀."

"Ẹ wá dùbúlẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì yìí gbà wá."

Mo rò pé á sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù mí. Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, ó bọ́ bàtà, ó gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ wá, ó sì dùbúlẹ̀ tì mí, gbọnrangandan, bí ẹni tí wọ́n ń wọn fún aṣọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé èyí náà ni?" Mo ní, "Èyí náà ni, mà." Ó ní, "Iṣẹ́ ńlá ni o." Kò pẹ́ tó fi ń hanrun.

Àwòdì wọlé bá àwa méjèèjì lójú oorun, kò sí oúnjẹ lórí iná. Ó ní, "Ta ni kí n bá wí báyìí?" Màmá la ojú kan, ó ní, "Wá nǹkan sè."

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹfà

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wá. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ọmọ. Ó jẹ́ kí èmi náà gbọ́: bí ẹni ń sáré kọjá lórí iyanrìn tútù. Ó ní ká ṣì máa rọra, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú, ẹ̀bùn ni.

Mo lá àlá pé mò ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi tí kò ní ìsàlẹ̀, mi ò sì nílò èémí. Ẹnì kan ń lúwẹ̀ẹ́ níwájú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, funfun lábẹ́, kékeré. Mo ń pè é kó dúró dè mí. Kò dúró, ṣùgbọ́n kò sáré náà.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Keje

Kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ ká máa ní irú ọjọ́ báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Keje

Ọsibítù ni mo wà. Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó di àlá.

Ọjọ́bọ̀ ni. Nígbà tí mo jí, kò sí ìta. Kùrukùru ti gbé òrùlé gbogbo mì, ó gbé kíréènì mì, ó dúró lójú gíláàsì fèrèsé wa bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Àwòdì ti lọ. Mo ń wo funfun yẹn, ó dùn mọ́ mi, mo ń rò pé bóyá bí ó ṣe rí lójú ọmọ inú mi náà nìyí. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé abẹ́ mi ti tutù.

Mo ní, "Màmá."

Ó wọlé. Kò pariwo. Ó kó àwọn aṣọ tó ti lọ sílẹ̀, gbogbo wọn, ó ń ká wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́ mi. Mo fẹ́ wolẹ̀. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó ní, "Má wò ó. Èmi ni kó o máa wò. Ojú mi ni kó o máa wò." Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú rẹ̀ jọ ti ọkọ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ títí Bàbá aláago fi gòkè wá, adití tàbí kò dití. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àga, àwọn àgbàlagbà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀. Takisí wà lẹ́nu ọ̀nà ṣùgbọ́n awakọ̀ ní òun ò rí iwájú, òun ò lè fi ẹ̀mí wá ọ̀nà. Bàbá aláago fa táwẹ̀lì funfun kan yọ lọ́wọ́ Màmá, ó bọ́ síwájú mọ́tò, ó ń fì í lókè orí, ó ń sáré, ó ń pariwo pé, "Ẹ yà o! Ẹ yà fún aboyún o!" Táwẹ̀lì yẹn nìkan là ń rí. Bó ṣe ń fò níwájú wa nínú funfun yẹn, bí ẹyẹ kan tó mọ ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ la tẹ̀lé e títí a fi dé ojú títì tí iná wà.

Màmá di ọwọ́ mi mú lọ́wọ́ kan, ó di fóònù mú lọ́wọ́ kejì. Mo gbọ́ ọ: "Fọ́máànù, ẹ sọ fún ọmọ mi kó sọ̀kalẹ̀ wá sí ọsibítù. Ẹ sọ fún un pé mo wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ ní kó má sáré lórí àkàbà o. Ẹ jọ̀ọ́. Òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́."

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe. Nígbà tí mo la ojú, Àwòdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú akoto iṣẹ́ lórí. Ó ní òun ń sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru, òun ò rí ilẹ̀, òun ò rí òkè, ìgbésẹ̀ kan lábẹ́ òmíràn, òun ò mọ̀ pé òun ti dé ilẹ̀ títí ẹsẹ̀ òun fi kàn án.

Mo ní, "Ọmọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó kéré." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń bínú."

Obìnrin ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì mí lọ wò ó. Inú àpótí gíláàsì ló wà, ó móoru nínú rẹ̀. Rọ́bà wà nímú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó di ìka mi mú. Ó ń gbá ẹsẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ dé etí odò. Ọmọ tí mo ń kọ́ fún ọdún mẹ́ta ò mọ ẹsẹ̀ gbá tó o.

Kékeré ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. A gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Keje

Wọ́n ní kí bàbá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí pé ṣé òun ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n gbé Kékeré lé e láyà, awọ kan awọ, wọ́n fi aṣọ bò ó. Kò mí. Mo ní, "Mí, olówó orí mi, òun náà fẹ́ kí àyà yẹn máa gòkè." Ó rọra mí. Kékeré gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo la fi wò ó.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Keje

Wọ́n yọ rọ́bà imú rẹ̀. Ó sín.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Keje

Màmá wo inú gíláàsì fún ìgbà pípẹ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá àgbà, ẹ lè gbé e." Ó lọ fọ ọwọ́, ó padà lọ tún un fọ̀. Nígbà tó gbé e, kò sọ̀rọ̀ sí wa. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó pẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, mi ò sì bi í.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Keje

A ti dé ilé. Màmá ti ń bá ọmọ ṣeré nínú yàrá. Mo fẹ́ kọ bí a ṣe dé.

Wọ́n dá wa sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, takisí kankan ò dúró, bọ́ọ̀sì kan sì wá dúró níwájú wa gan-an, òfìfo, bí ẹni tí wọ́n rán. A wọlé, a sọ ibi tí a ń lọ fún awakọ̀, a jókòó sẹ́yìn. Mo gbé Kékeré sáyà, Àwòdì gbé apá kan yí àwa méjèèjì ká. Oòrùn yọ lójú fèrèsé. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń rí ohun tí a gbé, wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù ní, "Màá pè ẹ́ padà, ọmọ tuntun wà níbí," ó sì tún pa fóònù náà. Mo rí ọjà ńlá, mo rí afárá. Mi ò rí nǹkan mìíràn.

Nígbà tí mo jí, bọ́ọ̀sì ti dúró. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Ẹnu Àwòdì là sílẹ̀ lójú oorun, itọ́ ń kán sí mi léjìká. Níta, pápá ni, koríko tútù lọ títí, mi ò dé ibẹ̀ rí láyé mi. A ti kọjá ilé, a ti kọjá ìlú, a ti dé ibi tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì pin sí.

Awakọ̀ ti pa ẹ̀ńjìnnì. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń mu tíì nínú ìdérí fíláàsì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Mo rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti kọjá ilé wa."

Kò yíjú padà. Ó ní, "Mo mọ̀, màdáámú. Mo fẹ́ jí yín níbẹ̀, mo wo ojú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò lè jí yín."

"Ẹ má bínú. Ẹ ń padà lọ nísinsìnyí?"

"Tí ọmọ bá jí, a ó padà. Ẹ̀ńjìnnì yìí máa ń pariwo tó bá ń ṣíná."

Mo wo Kékeré. Ó ń sùn bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ilé rí. Afẹ́fẹ́ ń wọlé láti orí koríko, ó ń gbé irun orí rẹ̀ sókè, ó ń dá a padà. Awakọ̀ tún bu tíì sínú ìdérí, ó nawọ́ rẹ̀ sẹ́yìn sí mi láìwò mí. Mo gbà á, mo mu ún. Ó ti ń tutù, ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó jí. Kò sẹ́ni tó kánjú.